Ṣé Akólòlò Ò Gbọdọ̀ Purọ́ Ni?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹjọ́ ni mo gbé wá lónìí, ara mi sì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi sùn. Ẹni tó bá ní òun máa dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Nítorí náà, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nídìí eré wí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnu èmi fúnra mi ti fà.

Ìlú London ni mò ń gbé. Ní alaalẹ́ Sátidé, èmi àti àwọn márùn-ún mìíràn a máa pàdé ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ wa kan ní Peckham. A ó jókòó yí táábìlì ká, a ó gbé ìrẹsì àti dòdò sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó sì máa ṣe eré tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons títí di òru. Ìyàwó ẹnì kan nínú wa rò pé tẹ́tẹ́ là ń ta. Kì í ṣe tẹ́tẹ́ o. Kò sówó nínú rẹ̀ rárá.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí, ìtàn ni eré yìí. Ẹnì kan wà tí a ń pè ní adarí eré. Òun ni yóò máa sọ ìtàn náà: ìlú wo la wọ̀, ta ló dúró lẹ́nu ibodè, ẹranko wo ló ń mí nínú ihò. Ní ti àwa yòókù, olúkúlùkù ní ẹ̀dá kan tó ń ṣe nínú ìtàn: ọ̀kan jẹ́ jagunjagun, ọ̀kan jẹ́ oṣó, ọ̀kan jẹ́ olè. A ti kọ agbára ẹ̀dá yìí sínú ìwé pélébé kan. Bí ohun tí ẹ̀dá mi fẹ́ ṣe bá lè bọ́ sí i, tó sì lè má bọ́ sí i, dáìsì la ó jù, bí àwọn ọmọdé ti ń jù ú nínú lúdò, àfi pé èyí tí a ń lò jù ní ojú ogún. Iye tó bá jáde, a ó fi agbára ẹ̀dá náà kún un, ìgbà yẹn la ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Àlọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Ìjàpá fúnra rẹ̀ wà lórí àga, ó ń bá apàlọ́ jiyàn.

Ó tó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan dara pọ̀ mọ́ wa. Ọmọ Ìbàdàn ni, kò tíì pẹ́ tó dé láti ilé. Akólòlò ni. Bó bá fẹ́ kí ni lásán, ọ̀rọ̀ á há a lọ́fun, ojú rẹ̀ á pọ́n, àwa tí a kò ní sùúrù á sì ti bá a parí rẹ̀. Nígbà tó máa yan ẹ̀dá tirẹ̀, gbájú-ẹ̀ ló yàn, ẹlẹ́nu dídùn tó lè fi ọ̀rọ̀ gba ẹran lẹ́nu ẹkùn. Agbára mẹ́fà ni ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní. Èyí tí wọ́n ń pè ní Charisma, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ ẹni ti ń wọ àwọn ẹlòmíràn lára, 17 ni tirẹ̀, níbi tí ènìyàn lásán ti ń ní bíi 10.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, èmi ni adarí eré. Wọ́n dé ibodè ìlú kan, àwọn oníbodè sì ń tú ẹrù gbogbo ẹni tó ń wọlé. Àwọn èèyàn wa ti jí ère wúrà kan, wọ́n fi pamọ́ sínú pósí. Ọmọ yìí ní ẹ̀dá òun yóò sọ fún oníbodè pé òkú ọmọ ogun ló wà nínú rẹ̀, àti pé ṣọ̀pọ̀ná ló pa á. Ẹ gbọ́ irọ́ ọlọ́gbọ́n! Ta ni yóò ṣí pósí ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná pa? Ṣùgbọ́n kí ni èmi wí? Mo ní, “Má ròyìn ẹ̀ fún mi. Sọ ọ́ jáde. Èmi ni oníbodè, purọ́ fún mi kí n gbọ́.”

Ó ní, “Ọ̀-ọ̀-ọ̀gá, ò-ò-ò…” Ó dúró. Ó tún gbìyànjú. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ká má purọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá ní, “Oníbodè rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ó ṣí pósí.” Mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó ju dáìsì.

Ó jókòó títí a fi parí. Lọ́sẹ̀ kejì, kò wá. Lọ́sẹ̀ kẹta, kò wá. Ìgbà tí mo tún máa rí i, ibi ìsọmọlórúkọ kan ni. Mo bi í pé ṣé kò sí, a ò rí i mọ́. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán, mi ò sì bá a parí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ibi eré yẹn nìkan ni mo ti rò pé màá lè jẹ́ ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ.”

Mi ò rí nǹkan kan fi dá a lóhùn. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́ ni mo wá di odi níwájú ọmọ tí mo jù lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá àwọn kan jà nídìí eré yìí. Àwọn ni wọ́n ń sọ pé ohun tó bá jẹ́ ti ẹnu, ẹnu ni kí a fi ṣe é. Bó o bá fẹ́ kí ọba gbà fún ọ, bá ọba sọ̀rọ̀. Bó o bá fẹ́ purọ́, purọ́. Wọ́n á tún fi kún un pé bí wọ́n ti ń ṣe é láyé àtijọ́ nìyẹn.

Ayé àtijọ́ wo? Ní 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré náà jáde ní Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ TSR tó tẹ̀ ẹ́ wà ní Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Inú eré ogun orí táábìlì ló ti ṣẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ ìjà ló sì kún inú ìwé òfin rẹ̀. Síbẹ̀, Charisma wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Dáìsì sì wà fún bí ẹ̀dá tí ẹ bá pàdé lọ́nà ṣe máa gbà yín. Ẹ ó ju dáìsì olójú mẹ́fà méjì pọ̀. Bí àròpọ̀ wọn bá kéré, ọ̀tá ni. Bó bá pọ̀, wọ́n gba ọ̀rọ̀ yín. Bó bá bọ́ sí àárín 6 sí 8, ọkàn wọn kò tíì dúró sójú kan, ó kù sọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀nà 36 ni dáìsì méjì lè gbà balẹ̀: 16 bọ́ sí àárín yẹn, 10 bọ́ sí apá ibi, 10 bọ́ sí apá ire. Ẹ ò rí i pé àwọn tó dá eré sílẹ̀ kò fi gbogbo rẹ̀ sọ́rùn ẹnu òṣèré?

Ẹ jẹ́ kí n bi àwọn ẹlẹ́nu yìí ní ìbéèrè kan. Nígbà tí jagunjagun inú eré bá fẹ́ yí àpáta kúrò lójú ọ̀nà, ṣé ẹ máa ń ní kí òṣèré lọ gbé fìríìjì onílé ká wò ó? Nígbà tí oṣó bá fẹ́ tan iná láti àtẹ́lẹwọ́, ṣé ẹ máa ń ní kó tan án? Ọ̀rẹ́ wa kan tí ikọ́ ẹ̀gbẹ kò jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn, akọni ni nínú eré, ó ń fi idà pa dírágọ́nì, kò sẹ́ni tó ní kó sáré ká rí i. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ẹnu nìkan lẹ ń dán wò lára ènìyàn gan-an? Ta ló ṣòfin yẹn? Àwa tí ẹnu wa mú la ṣe é, torí pé àwa ló ń gbè.

Ẹ sì wo jìbìtì tó wà nínú rẹ̀. Mo mọ òṣèré kan, Charisma ẹ̀dá rẹ̀ kò ju 6 lọ, torí pé apá àti àyà ló kó gbogbo agbára sí. Ẹni tí ìwé sọ pé èèyàn kì í fẹ́ rí ni. Àmọ́ nítorí pé lọ́yà ni òṣèré náà, òun ló ń bá ọba sọ̀rọ̀, òun ló ń bá ìjòyè pẹ̀tù sí aáwọ̀. Ó ra agbára kan, ó ń lo méjì. Akólòlò wa ra 17, kò rí i lò. Ká tiẹ̀ fi kíkólòlò sílẹ̀. Onítìjú ńkọ́? Ẹni tó dé láti Ẹdẹ lóṣù tó kọjá, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣì ń wá ibi tó máa jókòó sí ńkọ́?

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ará ọ̀hún má tíì máa pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dáìsì ló tán ọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yín wà lẹ́nu mi.

Nígbà tí ìwé òfin kẹta jáde ní 2000, wọ́n ya irọ́ pípa sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ya fífura síni sọ́tọ̀, wọ́n ya ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ náà sọ́tọ̀. Ohun tó dára ni. Àmọ́ ẹ wo ibi tí wọ́n gbé e dé. Nínú àtúnṣe 2003, bí ọ̀tá rẹ paraku bá dúró níwájú rẹ, tí àròpọ̀ dáìsì àti agbára ọ̀rọ̀ rẹ bá pé 35, ó di ọ̀rẹ́. Bó bá pé 50, ó di ẹni tó ń sá sókè sódò láti ràn ọ́ lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú kan péré ni! Ni àwọn òṣèré bá bẹ̀rẹ̀ sí í to agbára lé agbára, títí kò fi sí ọ̀tá tí ìṣẹ́jú kan kò lè sọ di ìyekan. Mo ti jókòó níbi tí ẹnì kan ti ní, “Mo purọ́ fún ọba.” Ó ju dáìsì, ó ní, “Ogún! Ó ti gbà.” Irọ́ wo ló pa? Kí ni ọba gbà? Òun náà ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n wí, wọn ò dárúkọ dáìsì.

Ká má ba ìwé náà jẹ́ tán, ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá. Lórí irọ́, ó ní bí ẹni tí ń gbọ́ bá ti ń fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ yọ 5 kúrò nínú ohun tó fi ń fura. Bí irọ́ náà bá ṣòro díẹ̀ láti gbà, ẹ fi 5 kún un. Bó bá ṣòro gan-an, tàbí tó lè kó olùgbọ́ sí wàhálà ńlá, ẹ fi 10 kún un. Bó bá jẹ́ irọ́ tí kò tiẹ̀ ṣeé fetí gbọ́, 20.

Ẹ rántí àlọ́ Ìjàpá àti Erin. Báwo ni Ìjàpá kékeré ṣe mú Erin wọ̀lú? Ó ní ará ìlú fẹ́ fi í jọba. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní lé e, wọ́n gbé àga lé ẹní. Erin ń lọ, ó ń yan, títí ó fi jókòó sórí ikú ara rẹ̀. Ṣé ohùn Ìjàpá ló dùn ni? Rárá o. Oyè ló ti ń wu Erin. Ìdí ọgbọ́n irọ́ nìyẹn, àwọn tí wọ́n ń pè ní 419 nílé sì mọ̀ ọ́n dáadáa: ohun tó ń wu ọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ wá rí. Ẹ tún kíyè sí i pé apàlọ́ kì í ṣe Ìjàpá. Ìyá àgbà tó pa àlọ́ náà fún mi kò lẹ́yìn méjì níwájú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa fẹ́ lọ. Ó kàn ní, “Ìjàpá sọ fún Erin pé…” ni, a sì gbádùn rẹ̀ dọ́ba. Ète tí Ìjàpá pa ló dùn mọ́ wa.

Nítorí náà, ẹni tó ní eré á gbẹ bí òṣèré bá kàn ròyìn irọ́ rẹ̀, ilé ta ni wọ́n ti pàlọ́ fún un?

Ó ku ti ẹni tí a ń purọ́ fún. Ibẹ̀ náà ti bàjẹ́. Òṣèré á ní, “Mo fẹ́ mọ̀ bóyá irọ́ ni ọkùnrin yìí ń pa.” Á ju dáìsì, 2 á jáde. Èmi adarí á ní, “O ò rí àmì irọ́ kankan lójú rẹ̀.” Ló bá rẹ́rìn-ín: “Dáìsì mi kéré, ó dájú pé irọ́ ló ń pa!” Ṣé ẹ rí i? Ojú òṣèré ti rí ohun tí ojú ẹ̀dá rẹ̀ kò rí. Nídìí eré Call of Cthulhu tó jáde ní 1981, adarí eré ló ń ju irú dáìsì bẹ́ẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ìwé Dungeons & Dragons ti 2014 náà fún wa lọ́nà: ká mú 10, ká fi agbára ẹ̀dá náà kún un, kò sídìí láti ju dáìsì rárá. Èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì, ẹ mú un.

Àmọ́ àṣìṣe tó burú jù ni ti adarí tó máa ń ní, “Dáìsì rẹ kéré, nítorí náà o gbà á gbọ́.” Kí ló jọ ọ́? Bí mẹkáníìkì bá sọ fún mi pé ẹ́ńjìnnì mi ti kú, tí mi ò sì rí irọ́ lójú rẹ̀, ṣé ó ní kí n má gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni? Kí n má rí irọ́ kò sọ pé mo ti rí òótọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ̀dá náà rí fún òṣèré, kí ẹ fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Èyí ló gbé mi dé ibi tó ń dùn mí jù lẹ́yìn ti akólòlò: irọ́ láàárín àwa òṣèré fúnra wa.

Níbi táábìlì mìíràn tí mo ti jókòó rí, ọ̀kan nínú wa fi oṣù mẹ́rin kọ ìwé pélébé-pélébé sí adarí eré. A rò pé ọ̀rọ̀ ìdílé ẹ̀dá rẹ̀ ni. Lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn la gbọ́ pé ó ti ń ta àwa yòókù fún ọ̀tá láti ọjọ́ kejì. Nígbàkígbà tí ẹnì kan bá sì ti fura, adarí á ní kí wọ́n ju dáìsì, irọ́ á borí, wọ́n á sì fi túláàsì sọ fún un pé ó fọkàn tán an. Ẹ̀dá wa kú tán. Ọ̀gbẹ́ni náà fẹ̀yìn tì, ó ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí kan tó wà pẹ̀lú wa kó ìwé rẹ̀, ó ní, “Oṣù mẹ́rin ni mo fi bá yín jókòó. Ẹ̀ báà ti sọ fún mi pé ohun tí à ń ṣe nìyí.” Wọ́n ní eré lásán ni. Eré ni lóòótọ́, àmọ́ Sátidé mẹ́rìndínlógún rẹ̀ kì í ṣe eré.

Ẹ má sọ pé mo lòdì sí ọ̀dàlẹ̀ nínú eré. Eré kan wà tó ń jẹ́ Paranoia, ó jáde ní 1984. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kí olúkúlùkù máa fi ẹjọ́ ẹnì kejì sùn, kí wọ́n máa pa ara wọn. Ẹ̀dà mẹ́fà ni ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní: bí ọ̀kan bá kú, òmíràn á dé. Ẹ̀rín ni ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí pé gbogbo ẹni tó jókòó ló mọ irú ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Ẹ̀dá lè tan ẹ̀dá. Ènìyàn kò gbọdọ̀ tan ènìyàn.

Bó bá sì jẹ́ pé òṣèré kan fẹ́ yí ọkàn òṣèré kejì padà, ẹ wo ohun tí Apocalypse World ṣe ní 2010. Bí dáìsì rẹ bá dára, kò sọ ẹnì kejì di ẹrú rẹ. Bó bá gbà fún ọ, ó jèrè nínú eré. Bó bá kọ̀, ìnira lè bá a. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì wà. Bí ọ̀rọ̀ ti ń rí láyé nìyẹn: a lè fi oyin sí i, a lè fi ẹ̀gún sí i, àmọ́ ẹni tí a ń bẹ̀ ni yóò dáhùn.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo adarí eré kò pọ̀. Kí òṣèré sọ ohun mẹ́ta: kí ló ń fẹ́, kí ni irọ́ náà, kí ló lè mú kí ẹni yẹn gbà á. Bó bá fẹ́ fi ohùn ọba sọ ọ́, kó sọ ọ́. Bó bá fẹ́ ròyìn rẹ̀, kó ròyìn rẹ̀. Iye kan náà ni méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kí adarí wo ohun tí olùgbọ́ máa pàdánù. Ìwé adarí eré ti 2014 là á yé wa: ọ̀tá rẹ, bó o tiẹ̀ pé 20, ohun tí kò ní ná an ní nǹkan kan nìkan ló máa ṣe fún ọ, ọ̀rẹ́ rẹ, ní 20 kan náà, lè fi ara rẹ̀ wewu nítorí rẹ. Bí iyèméjì bá wà, ẹ ju dáìsì. Bí kò bá sí, ẹ má jù ú. Bí ọ̀dàlẹ̀ bá máa wà láàárín wa, kí gbogbo wa gbà á kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Irọ́ ṣọ̀pọ̀ná rọrùn láti gbà. Oníbodè kò ní pàdánù nǹkan kan bó bá jẹ́ kí wọ́n kọjá, àmọ́ ó lè pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ bó bá ṣí pósí. Ọmọ yẹn ì bá ju dáìsì rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó kùnà, àmọ́ ẹ̀dá rẹ̀ ni ì bá kùnà, kì í ṣe ahọ́n rẹ̀.

Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú, òun á rò ó. Kò tíì padà wá. Ìwé pélébé ẹ̀dá rẹ̀ ṣì wà nínú fáìlì mi, 17 yẹn ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa darí eré ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ wo ẹni tó dákẹ́ jù lórí táábìlì yín. Ẹ bi í pé, “Kí ni ẹ̀dá rẹ fẹ́ sọ?” Kí ẹ sì pa ẹnu yín mọ́ títí yóò fi sọ ọ́ tán.